Orí Kẹjọ: Ìhà Tí Ìfúnpọ̀ Àpáta Kọjú Sí, àti Bí A Ṣe Ń Dí Àlàfo Láàrin Àwọn Ibi Tí A Ti Wọ̀n

8.1 Omi tí wọ́n rọ sínú ilẹ̀ ní Basel

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2006, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ti omi sínú ihò kan lábẹ́ ìlú Basel, ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Ihò náà jìn tó kìlómítà 5. Àpáta ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gbóná, ohun tí wọ́n sì ń wá ni pé kí omi gba inú àpáta náà kọjá, kí ó gbé ooru rẹ̀ wá sókè fún iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n omi kò lè gba inú àpáta tó le gbagidi kọjá àfi bí àwọn ìsán tó ti wà nínú rẹ̀ bá ṣí. Wọ́n ṣí lóòótọ́, wọ́n sì kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣí dé. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ àwọn ará ìlú. Ìwọ̀n ìmìtìtì náà jẹ́ 3.4. Iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2009, wọ́n fagi lé e pátápátá.

Àìmọye ìsán ló wà nínú àpáta bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń yọ̀ nígbà tí omi bá dé ibẹ̀. Èyí tó bá dábùú ìfúnpọ̀ tó ga jù lọ, ńṣe ni ìfúnpọ̀ náà máa ń há a mọ́lẹ̀. Èyí tó bá dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ sí i, ní nǹkan bí dígírì 30, ni ó yá jù láti yọ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gbẹ́ irú ihò yìí ní láti mọ ìhà tí ìfúnpọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ kọjú sí. Ìṣòro rẹ̀ sì nìyí: kò tíì gbẹ́ ihò, kò sì sí ẹni tó ti wọ̀n ọ́n níbẹ̀ rí. Àwọn tó ti wọ̀n ọ́n wà ní 30 kìlómítà sí ìlà-oòrùn, àwọn mìíràn ní 80 kìlómítà sí àríwá, ẹlòmíràn ní òdì-kejì òkè. Kí ni kí ó gbà gbọ́ nípa ibi tí ó dúró sí? Ìbéèrè yìí ni orí yìí dá lé.

8.2 Ìfúnpọ̀ òòró, ìfúnpọ̀ ìbú

Ní ibikíbi nínú èèpo ilẹ̀ ayé, a lè ka ìfúnpọ̀ sí mẹ́ta tí wọ́n dábùú ara wọn. Lọ́pọ̀ ibi, ọ̀kan nínú wọn dúró ní òòró, àwọn méjì yòókù sì nà ní ìbú. Ti òòró ni ó rọrùn jù láti ṣírò, nítorí pé ìwúwo àpáta tó wà lókè ni ó ń fa á. Bí ìwúwo mítà onígun mẹ́rin-mẹ́rin kan àpáta bá jẹ́ 2,700 kìlógíráàmù, ìfúnpọ̀ òòró ní kìlómítà 5 jẹ́ 2,700 × 9.8 × 5,000, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 132 MPa. A ń pè é ní Sv. Nínú méjì tó nà ní ìbú, a pe èyí tó tóbi ní SH, a sì pe kékeré ní Sh.

Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Ernest Anderson, fi hàn ní ọdún 1905 pé ipò tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà sí ara wọn ni ó ń sọ irú ìsán tí yóò ṣiṣẹ́. Níbi tí Sv bá ti tóbi jù, ilẹ̀ ń fẹ̀, apá kan a sì rì. Níbi tí Sv bá ti kéré jù, apá kan a gun orí èkejì. Bí Sv bá wà láàrin, apá méjèèjì a yọ̀ kọjá ara wọn ní ìbú láìsí èyí tó gòkè tàbí tó rì. A ò ní dúró pẹ́ lórí èyí, nítorí Orí Kẹta ti sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀.

Ohun tí a óò máa wá láti ìsinsìnyí lọ ni ìhà tí SH kọjú sí. A ń fi igun sọ ọ́, láti àríwá lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí a bá sọ pé SH jẹ́ 145°, a ní ó nà láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn lọ sí gúúsù-ìlà-oòrùn. Bí a kò ṣe wá ìtóbi rẹ̀ kì í ṣe pé ìtóbi kò ṣe pàtàkì. Ìtóbi ṣòro láti wọ̀n, ó sì ń náni lówó púpọ̀. Ìhà ni àpáta máa ń fi hàn wá lọ́nà tó rọrùn.

8.3 Ẹ̀rí tí ilẹ̀ ń jẹ́

Ọ̀nà tí a ń gbà mọ ìhà SH pọ̀, wọn ò sì ṣeé gbé lé ìwọ̀n kan náà.

Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni bíbó ògiri ihò. Nígbà tí a bá gbẹ́ ihò róbótó sínú àpáta, ẹrù tí àpáta tí a kó jáde ń gbé tẹ́lẹ̀ á di ti ògiri ihò náà. Ẹrù náà kì í pín dọ́gba yíká. Ó máa ń pọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dábùú SH, ibẹ̀ ni ògiri á sì ti máa bó, tí ihò tó jẹ́ róbótó á di bí ẹyin. Ìhà tí ihò náà gùn sí jẹ́ ìhà Sh. SH wà ní 90° sí i. Àwọn tí ń gbẹ́ kànga epo ti ń rí ihò bí ẹyin yìí tipẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń fà á. Ní ọdún 1979 ni Bell àti Gough wo àwọn kànga epo ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, tí wọ́n rí i pé ìhà kan náà ni gbogbo wọn ń gùn sí, tí wọ́n sì sọ pé ìfúnpọ̀ ilẹ̀ ló fà á. Láti ìgbà náà ni àkọsílẹ̀ kànga epo, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti kó sínú àpótí, ti di ìṣúra fún wa.

Ihò tó jìn jù tí a ti fi ọ̀nà yìí yẹ̀ wò dáadáa wà ní Windischeschenbach, ní ìpínlẹ̀ Bavaria ní Jámánì. Orúkọ rẹ̀ ni KTB. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé 9,101 mítà kí wọ́n tó dúró ní 1994, nítorí pé ooru ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ẹ̀rọ. Láti kìlómítà 3 títí lọ sí nǹkan bí 8, SH dúró sí ìtòsí 160°, pẹ̀lú ìyapa 10° péré. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, nítorí òun ló fún wa láyè láti ya ìhà SH sórí àwòrán pẹlẹbẹ rárá: nínú àpáta líle tó ṣù pọ̀, ìhà ìfúnpọ̀ kì í ṣe ohun tó ń yí káàkiri bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn ibi tí èyí kò rí bẹ́ẹ̀ wà, a óò sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìmìtìtì ilẹ̀ náà ń jẹ́rìí. Ìgbì àkọ́kọ́ tó kúrò níbi tí ilẹ̀ ti yọ̀ máa ń ti àwọn ẹ̀rọ agbohùn-ilẹ̀ kan sókè, a sì máa fa àwọn mìíràn sísàlẹ̀. Láti inú ìyẹn ni a ti ń mọ ojú ìsán tó yọ̀ àti ìhà tó yọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò gún tó ti ihò. Ìsán àtijọ́ tó ti rọ̀ lè yọ̀ bí kò tilẹ̀ dúró dáadáa sí ìfúnpọ̀, nítorí náà ìhà tí ìmìtìtì kan ṣoṣo fi hàn lè yà kúrò lára SH tòótọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìmìtìtì tí a bá gbé yẹ̀ wò pọ̀ ló ń sọ òtítọ́.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí a ò ní gùn lé lórí: fífi omi alágbára la àpáta nínú ihò, gígé àpáta yíká kí a wo bí yóò ṣe wú, àti wíwo bí ojúhò òkè ayọnáyèéfín ṣe tò tẹ̀lé ara wọn.

8.4 Àkójọ gbogbo ayé

Ní ọdún 1986, Mary Lou Zoback àti àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí jọ sí ojú kan lábẹ́ iṣẹ́ tí a ń pè ní World Stress Map. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 1992 lé ní 7,300. Ìtẹ̀jáde 2008 ní 21,750, ti 2016 ní 42,870, ti 2025 sì ti lé ní 100,000. Láti 2009, ibùdó ìwádìí GFZ tó wà ní Potsdam ní Jámánì ni ó ń bójú tó o.

Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ náà kò sí nínú iye yìí. Ó wà nínú bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sí ipò. Ipò A ni èyí tí a gbà pé ìyapa rẹ̀ kò ju 15° lọ, B, 20°, C, 25°, D, 40°, E ni èyí tí a kò lè gbọ́kàn lé. Ìmìtìtì ilẹ̀ kan ṣoṣo, bó ti wù kí ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀ dáadáa tó, kì í kọjá C. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ipò yìí kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ lára àwòrán. Bí a bá dé orí ìṣírò, ẹ óò rí i pé òun gan-an ni ìwúwo ẹ̀rí.

8.5 Igun tí a kò lè ròpọ̀ pín

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ihò méjì wà nítòsí ara wọn. Ọ̀kan sọ pé SH jẹ́ 10°, èkejì ní 170°. Ẹni tó bá ro wọ́n pọ̀ tó sì pín in sí méjì á ní 90°, èyí tó jẹ́ ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ya ìlà méjèèjì sórí ìwé. Ẹ óò rí i pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí àríwá tààrà, pé 20° péré ló wà láàrin wọn, àti pé 90° tí ìṣírò fún wa dábùú àwọn méjèèjì.

Ìdí ni pé ìfúnpọ̀ kì í ṣe ọfà. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjì fún ọsàn, ti ọ̀tún ń ti ìhà òsì, ti òsì sì ń ti ìhà ọ̀tún. A ò lè sọ pé ọ̀kan ni ìhà tí fífún náà kọjú sí. Nítorí náà, 170° àti 350° jẹ́ ohun kan náà, 0° àti 180° pẹ̀lú sì jẹ́ ohun kan náà. Igun wa ń yípo padà ní 180°, kì í ṣe 360°.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn. A máa sọ igun kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, kí yíyípo rẹ̀ lè di 360°. Lẹ́yìn náà a wá kósáìnì àti sáìnì rẹ̀, a rò wọ́n pọ̀, a wá igun tí àròpọ̀ náà fún wa, a sì dá a padà sí ìdajì. Bí θ bá jẹ́ igun ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, tí w sì jẹ́ ìwúwo rẹ̀:

C = Σ w cos 2θ
S = Σ w sin 2θ
àròpín igun = ½ arctan (S / C)
R = √(C² + S²) / Σ w
ìyapa = ½ √(−2 ln R), tí a fi 57.3 sọ di dígírì

Ẹ ṣọ́ arctan. Ẹ̀rọ ìṣírò kékeré kò mọ̀ bóyá C àti S jẹ́ òdì tàbí kì í ṣe òdì. Ẹ̀yin ni ẹ ní láti wò ó, kí ẹ sì fi igun náà sí ìdá mẹ́rin òbìírípo tó yẹ ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí a ń pè ní atan2 ń ṣe èyí fúnra rẹ̀.

R ló ń sọ bí ẹnu àwọn ẹ̀rí ṣe kò tó. Bí gbogbo wọn bá sọ ohun kan náà, R jẹ́ 1. Bí ìhà wọn bá tú ká débi pé wọ́n pa ara wọn rẹ́, R di òdo, kò sì sí ìhà kankan tí a lè pè ní àròpín. Kọ̀ǹpútà á ṣì kọ nọ́mbà kan jáde o! Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá gbé àròpín wá láìgbé R tàbí ìyapa dání kò tíì sọ ohunkóhun fún wa.

8.6 Ìwúwo ẹ̀rí

Dídí àlàfo kò ju pé kí a da àwọ̀n bo ilẹ̀, kí a sì béèrè ní oríta kọ̀ọ̀kan pé kí ni àwọn ẹ̀rí tó yí i ká wí. Ẹ̀rí tó sún mọ́ oríta náà yẹ kó wúwo ju èyí tó jìnnà lọ. Ẹ̀rí ipò A yẹ kó wúwo ju ti C lọ. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ ni pé kí a fi ìyapa ipò náà pín 1 (1/15 fún A, 1/20 fún B, 1/25 fún C, 1/40 fún D), kí a sì tún fi ìjìnnà pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Nítòsí oríta kan, ẹ̀rí mẹ́ta wà: ọ̀kan ní ipò A, 160°, ní 50 kìlómítà; èkejì ní ipò B, 174°, ní 100 kìlómítà; ẹ̀kẹta ní ipò C, 10°, ní 80 kìlómítà. Ìwúwo wọn jẹ́ 1/750, 1/2000 àti 1/2000. Kí nọ́mbà má bàa kéré jù, a lè sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 6,000: ó di 8, 3 àti 3, tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Ìlọ́po méjì igun wọn ni 320°, 348° àti 20°.

C = 8 × 0.766 + 3 × 0.978 + 3 × 0.940 = 11.88
S = 8 × (−0.643) + 3 × (−0.208) + 3 × 0.342 = −4.74

Igun tó bá C àti S wọ̀nyí mu jẹ́ −21.75°, èyí tí í ṣe 338.25°, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 169°. R jẹ́ 0.914, ìyapa sì jẹ́ nǹkan bí 12°. Ẹni tó bá kàn ro 160, 174 àti 10 pọ̀ tó sì pín in sí mẹ́ta á ní 115°: ó ti fi 54° ṣìnà. Ẹni tó bá lo ìlọ́po igun ṣùgbọ́n tó ka ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọgbọọgba á ní 175°. Ẹ̀rí ipò A tó wà nítòsí ló fa 169° wá.

Ohun méjì ló kù tí ìwé púpọ̀ máa ń fò. Àkọ́kọ́, bí ẹ̀rí kan bá wà ní mítà mélòó kan sí oríta, 1 tí a fi ìjìnnà pín á tóbi débi tí ẹ̀rí yòókù kò fi ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ihò kan tí ìsán kékeré ìtòsí rẹ̀ yí ìhà SH padà á wá di olórí agbègbè. Ìdí nìyí tí ètò kọ̀ǹpútà bíi Stress2Grid kì í fi í jẹ́ kí ìjìnnà kéré ju ìdá kan nínú mẹ́wàá rédíọ́sì ìwákiri (bí a ṣe ń wá ẹ̀rí jìnnà tó láti oríta) lọ. Èkejì, ayé kì í ṣe pẹpẹ. A gbọ́dọ̀ ka ìjìnnà lórí òbìírí ayé ní kìlómítà, kì í ṣe ní dígírì lórí àwòrán. Dígírì kan ní ìbú ní ìlú Oslo kò ju ìdajì ti Èkó lọ.

8.7 Báwo ni ká ti nawọ́ jìnnà tó?

Ibí ni iṣẹ́ ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìṣírò lásán, tó di ti òye. A ní láti yan rédíọ́sì: ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀.

Ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ìwádìí tó jáde ní 1992 rí i pé àròpín SH jẹ́ 145°, pẹ̀lú ìyapa 26°. Ìhà yìí bá bí Áfíríkà ṣe ń ti Yúróòpù àti bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ṣe ń tì í mu. Nígbà tí wọ́n wá wo ògiri ihò Basel fúnra rẹ̀, nítòsí 144° ni wọ́n bá a. Ẹni tó bá fi rédíọ́sì 1,000 kìlómítà sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún Basel ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán.

Kí inú rẹ̀ má dùn jù. Bí ó bá gbé ọ̀nà kan náà lọ sí ẹsẹ̀ òkè Alps ní gúúsù Bavaria, ọwọ́ rẹ̀ á tẹ òfo. Àwọn kànga epo àti gáàsì ibẹ̀ fi hàn pé SH fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí àríwá tààrà, nítorí pé níwájú òkè náà, ìfúnpọ̀ máa ń dábùú bí òkè ṣe tẹ́ lọ. Bí òkè ṣe ń tẹ̀ láti Switzerland lọ sí Bavaria ni SH náà ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Rédíọ́sì 1,000 kìlómítà á pa gbogbo yíyí yìí rẹ́, á sì fi 145° tó dán tó sì dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Àwòrán tó dán, tí ó sì ṣìnà.

Bí a bá wá sọ pé rédíọ́sì kékeré ló dára, 50 kìlómítà fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ oríta ni kò ní rí ẹ̀rí kankan, àwọn tó bá sì rí ọ̀kan ṣoṣo á kàn máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Ọ̀nà tí Oliver Heidbach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ní 2010, nígbà tí wọ́n ṣe ti gbogbo ayé, ni pé kí rédíọ́sì má ṣe jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1,000 kìlómítà. Bí ìyapa bá ju 25° lọ, wọ́n a dín rédíọ́sì kù, wọn a tún ṣírò, títí ẹnu àwọn ẹ̀rí á fi kò tàbí títí ẹ̀rí kò fi ní tó mọ́. Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé rédíọ́sì tí oríta kọ̀ọ̀kan parí sí jẹ́ ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Níbi tó bá ti dúró lórí 1,000, ohun ńlá kan, bíi títì tí àwọn awẹ́ ilẹ̀ ń ti ara wọn, ló ń darí ìfúnpọ̀. Níbi tó bá ti sún kì dé 200, ohun agbègbè ló wà níbẹ̀: òkè, àfonífojì tó ń fẹ̀, ìsán ńlá. Ọsirélíà ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ wà lórí awẹ́ kan tó ń sáré lọ sí àríwá àti ìlà-oòrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n SH rẹ̀ kò tẹ̀lé ìrìn náà. Ó nà ní ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní apá ìwọ̀-oòrùn, ó sì di àríwá-ìwọ̀-oòrùn sí gúúsù-ìlà-oòrùn ní apá gúúsù-ìlà-oòrùn. Àròpín kan ṣoṣo fún Ọsirélíà kò ní bá ibì kankan níbẹ̀ mu.

Oríta tí ẹ̀rí kò bá tó, tàbí tí ìyapa kò dín kù, ẹ fi í sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i. Mo mọ̀ pé ojú máa ń kan ẹni tó fẹ́ kí àwòrán òun kún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kún un.

8.8 Létí awẹ́ ilẹ̀

Ìṣòro mìíràn wà níbi tí awẹ́ ilẹ̀ méjì ti pàdé. Etí awẹ́ kì í gún. Ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ. Ìfúnpọ̀ sì máa ń tẹ̀ lé títẹ̀ rẹ̀. Ìhà méjì tó wà ní 300 kìlómítà síra wọn létí òkun lè yàtọ̀ ní 40° sí àríwá, kí wọ́n sì jẹ́ ohun kan náà bí a bá wò wọ́n sí ìrìn awẹ́. Àròpín igun láti àríwá á da àwọn méjèèjì rú.

Awẹ́ tó ń rìn lórí òbìírí ayé ń yí yíká ojú kan tí a ń pè ní òpó ìyípo. Ti awẹ́ Pàsífíìkì sí ti Àríwá Amẹ́ríkà wà nítòsí 49° àríwá, 78° ìwọ̀-oòrùn, ní ìlà-oòrùn Kánádà. Bí a bá gbé òpó yìí sí ipò àríwá ayé nínú ìṣírò wa, ìrìn awẹ́ á di yíyípo lórí àwọn òbìírípo tó yí òpó náà ká. A lè wá wọn SH láti ara òbìírípo wọ̀nyí dípò láti àríwá tòótọ́. Tobias Stephan, Eva Enkelmann àti Uwe Kroner ló fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ ní ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2023, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ ni a mọ̀ sí tectonicr. A óò yí gbogbo ẹ̀rí sínú ètò òpó ìyípo, a óò dí àlàfo níbẹ̀, lẹ́yìn náà a óò dá èsì padà sí igun láti àríwá.

Èrè kejì rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí a mọ ohun tó yẹ kí a retí. Níbi tí awẹ́ méjì ti ń kọjú ja ara wọn, SH yẹ kí ó bá ìrìn wọn mu. Níbi tí wọ́n ti ń yọ̀ kọjá ara wọn, ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 45° sí i. Bí ẹ̀rí bá yàtọ̀ sí èyí, ìyàtọ̀ náà ń sọ nǹkan.

Ìsán San Andreas ní Kalifọ́níà sọ ọ́ kíkan. Bí àpáta ibẹ̀ bá le bí àpáta tí a ń yẹ̀ wò nínú yàrá ìwádìí, SH yẹ kó wà láàrin 30° sí 45° sí ìsán náà. Ní 1987, Mark Zoback àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹ̀rí ihò àti ìmìtìtì jọ, wọ́n sì rí i pé ní àárín gbùngbùn Kalifọ́níà, SH fẹ́rẹ̀ẹ́ dábùú ìsán náà. Ìsán tí ìfúnpọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dábùú kò yẹ kó yọ̀, ó sì ń yọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìsán San Andreas rọ̀ jìnnà ju bí a ti rò lọ. Ihò SAFOD tí wọ́n gbẹ́ gba inú ìsán náà kọjá nítòsí Parkfield mú amọ̀ kan tí ń jẹ́ saponite jáde láti ibi tí ìsán ti ń rìn. Amọ̀ yìí ń yọ̀ mùnàmùnà ju àpáta lọ. Bí ẹnì kan bá ti fi rédíọ́sì ńlá ro ìhà ẹ̀gbẹ́ ìsán náà pọ̀ mọ́ ti ọ̀nà jíjìn, ì bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ nu ìròyìn yìí nù.

8.9 Ilẹ̀ wa lórí àwòrán náà

Bí ẹ bá ṣí àwòrán World Stress Map, ẹ óò rí i pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣófo gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ wa kì í sábà mì, a kò sì gbẹ́ ihò jíjìn púpọ̀ sínú àpáta líle. Síbẹ̀, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, ó sì tún mì ní 2009 débi tí àwọn ará Abẹ́òkúta fi mọ̀ ọ́n lára. Ìsán ńlá àtijọ́ kan sì gba Ìfẹ̀wàrà kọjá lọ sí òkè. Ìbéèrè nípa ìhà SH níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará ọ̀nà jíjìn nìkan.

Ẹnì kan lè sọ pé kànga epo kún Niger Delta, kí a kàn mú ìhà ibẹ̀ wá dí àlàfo Ìjẹ̀bú. Ẹ má ṣe é. Àwọn ilẹ̀ ìdàpọ̀ tí epo wà nínú rẹ̀ ní Niger Delta dùbúlẹ̀ lórí amọ̀ Akata, tí omi inú rẹ̀ ní ìfúnpọ̀ tó ga púpọ̀. Lórí amọ̀ tó rọ̀ yìí, gbogbo erùpẹ̀ òkè rẹ̀ ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sínú òkun nítorí ìwúwo ara rẹ̀. Ìfúnpọ̀ tí ògiri kànga ibẹ̀ ń jẹ́rìí sí jẹ́ ti erùpẹ̀ tó ń yọ̀, kì í ṣe ti àpáta líle tó wà nísàlẹ̀ amọ̀ náà. Ìfúnpọ̀ ìpele méjì ni wọ́n, kò sì yẹ kí a rò wọ́n pọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ sún mọ́ra lórí àwòrán.

Ẹ̀rí àpáta líle tó kù jìnnà. Akra, tí ìmìtìtì ńlá kọ lù ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, lé ní 400 kìlómítà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìmìtìtì Guinea ti oṣù Kejìlá ọdún 1983 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà. Bí a bá lo òfin tí a kọ́ nínú 8.7, èkejì ti bọ́ sóde rédíọ́sì kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìmìtìtì kọ̀ọ̀kan kò sì lè kọjá ipò C. Lójú tèmi, ihò mítà 500 kan nínú àpáta Ìfẹ̀wàrà, tí a ya àwòrán ògiri rẹ̀ dáadáa, á wúlò ju ọ̀nà ìṣírò tuntun mẹ́wàá lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ wá àròpín 20° àti 160° tí ìwúwo wọn dọ́gba, pẹ̀lú R àti ìyapa rẹ̀. Ẹ tún ṣe é fún 0° àti 90°. Kí ni kọ̀ǹpútà yóò kọ fún èyí ìkẹyìn, kí sì ni ó yẹ kí ẹ kọ sórí àwòrán?

2. Nínú àpẹẹrẹ 8.6, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí kẹta (10°) di ipò A. Ẹ ṣírò ìwúwo tuntun, àròpín àti ìyapa. Ṣé ìyapa pọ̀ sí i ni àbí ó dín kù? Kí ni ìdí?

3. Ẹ fi ẹ̀rí kẹrin kún un: ipò D, 75°, ní 60 kìlómítà. Bí òfin bá ní kí ìyapa má ju 25° lọ, ṣé oríta náà ṣì lè ní ìhà?

4. Kànga epo kan wà nínú Niger Delta ní 120 kìlómítà sí oríta kan tó wà lórí àpáta líle. Ìmìtìtì ipò C kan wà lórí àpáta líle kan náà ní 350 kìlómítà. Èwo ni ẹ óò lò, báwo ni ẹ óò sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún onímọ̀ ẹ̀rọ tó fẹ́ gbẹ́ ihò níbẹ̀?